Ènì Gàrí

"Màmá, ta ló ń ro èbà?"

Lucy ló bèèrè bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, orí rẹ̀ wà lórí itan ìyá rẹ̀. Àyìnkẹ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Ó rò pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ òun. Láti àná ni Lucy ti ń rọbí, nígbà tó sì di àárọ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ọmọ kò yọjú. Ọkọ rẹ̀ wà ní Jọs níbi iṣẹ́ kùsà. Agbẹ̀bí Àrán-Ọ̀rin wò ó, ó nu ọwọ́, ó ní, "Ìlọrin ni. Ẹ má jókòó." Bàbá ìjọ gba àdúrà gígùn níwájú mọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ ni Àyìnkẹ́ ń wò títí ó fi ṣe àmín.

Wọ́n ti kọjá Òrò báyìí. Wọn kò tíì dé Àjàṣẹ́, Ìlọrin sì ṣì jìnnà.

Nígbà náà ni Àyìnkẹ́ náà gbọ́ òórùn náà. Èbà ni lóòótọ́, èbà tó ti ń jóná nídìí ìkòkò. Èéfín funfun rú jáde níwájú mọ́tò, ó bo gíláàsì.

Jòhánù yà sẹ́bàá ọ̀nà. Òun ni ẹ̀gbọ́n Lucy, òun ló sì ni mọ́tò. Ó rà á lọ́wọ́ tíṣà òyìnbó kan tó ń padà sílé lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, mọ́tò náà sì ti gbó kó tó rà á. Bó bá ti gun òkè báyìí, á gbóná. Ìkòkò-Ń-Hó ni àwọn ará àdúgbò ń pè é.

"Kí ló dé?"

"Ó gbóná ni, Màmá. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀."

"Ṣé àbúrò rẹ ló máa dúró dè é kó tutù?"

Jòhánù ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé wọn kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀, ibi tí omi mọ́tò ń gbé, nígbà tó bá ṣì ń hó. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wẹ̀yìn, ó rí ojú Lucy, ó bọ́ ẹ̀wù, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó sì ṣí i. Omi ta sókè. Ó bó o láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Kò ké.

Àyìnkẹ́ tú gèlè, ó ká a sábẹ́ orí Lucy, ó sọ̀ kalẹ̀. Jòhánù ti ń fi ọwọ́ kejì da omi inú kẹ́ẹ̀gì sí rédíétọ̀. Omi náà kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ihò, ó kún, ó ṣàn sílẹ̀. Jòhánù wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú ibi tí omi àtijọ́ máa ń gbà jáde. Ẹ̀kán omi kan kò jáde. Ó wá wáyà kan, ó tì í bọ ihò lókè, ó fà á síta.

Ohun tó lẹ̀ mọ́ wáyà náà funfun, ó sì ń fà.

Àyìnkẹ́ fi ìka kàn án. Láti ìgbà tó ti délé ọkọ ló ti ń yan gàrí tà. Bí wọ́n bá kó gàrí gbogbo Ìgbómìnà síwájú rẹ̀, yóò mú tirẹ̀. Tirẹ̀ nìyí.

"Jòhánù."

"Rédíétọ̀ ló ń jò, Màmá. Àwọn dẹ́rẹ́bà ní téèyàn bá da gàrí sí i, á wú, á dí ibi tó ń jò. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Gàrí tí o gbà láàárọ̀?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n máa ń dà sí i."

"Kí ló wá dé tó o da gbogbo ẹ̀ sí i?"

"Ìlọrin jìnnà. Mo ní bó bá pọ̀, á gbé wa dé."

Láàárọ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé Lucy jáde, Jòhánù sáré wọ ilé ìdáná. "Màmá, ẹ bá mi bu gàrí díẹ̀, ẹ ṣe kíá." Inú Àyìnkẹ́ dùn pé ó fẹ́ jẹun. Láti àná, ọmọ náà kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Ó bu abọ́ kan fún un. Ó fi ènì lé e, bó ṣe máa ń fi lé e fún oníbàárà, ó sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn lé ènì náà nítorí pé ọmọ òun ni. Ó tilẹ̀ ní kí òun wá ẹ̀pà sí i. Jòhánù ní kò sáyè, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Má ṣẹ́ ẹ kù o!" ni Àyìnkẹ́ kígbe tẹ̀lé e.

Lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, Lucy pè láti inú mọ́tò. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé èbà yẹn ò tíì jinná ni?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde tán.

Àyìnkẹ́ padà síbi tó jókòó sí, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ sórí itan. Ó gbọ́ bí wáyà ṣe ń họ irin. Jòhánù ń wa gàrí, ó ń wa á, ọwọ́ rẹ̀ tó bó ti wú. Bó ti ń wa ti òkè, ti ìsàlẹ̀ ti dì. Kò sí mọ́tò tó kọjá. Aṣọ tí Lucy wà lórí rẹ̀ ti rin gbindin.

Òòrùn ti kúrò lókè orí nígbà tí lọ́rì oníṣu kan yọ láti ọ̀nà Òrò. Bùkárì, ará Èsìẹ́ tó ni lọ́rì náà, sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó wo inú mọ́tò. Ó ṣí fìlà.

"Sùbúhánálàhí. Ìyá, ẹ jẹ́ á fi aṣọ bo ojú rẹ̀."

Ẹ́ńjìnnì ti tutù. Lucy náà ti tutù.

Wọ́n gbé e sáàárín iṣu. Bùkárì ní òun á yí lọ́rì padà, òun á gbé wọn délé. Ó wo mọ́tò tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. "Kí ló ṣe é gan-an?"

Àyìnkẹ́ la ẹnu. Jòhánù yára jù ú lọ.

"Omi ló gbẹ," ni Jòhánù wí. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọ́ erùpẹ̀ bo gàrí tó wà nílẹ̀.

Inú bí Àyìnkẹ́. Kò fẹ́ràn irọ́, pàápàá èyí tí wọ́n pa lójú òkú. Nígbà tí lọ́rì gbéra, ó sọ fún ọmọ náà pé, "Bí a bá délé, sọ òótọ́. Sọ ohun tó o dà sí i. Má fi irọ́ bo ara rẹ."

"Bí mo bá sọ ọ́, Màmá, wọ́n á bi mí bó ṣe pọ̀ tó, àti ẹni tó bù ú fún mi."

Ó kọjú sí ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ tó bó sókè kí iṣu má baà kàn án.

Àyìnkẹ́ wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀. Gàrí ti gbẹ mọ́ ìka tó fi kan wáyà. Ó dì í, bí ẹni tó fẹ́ bu ènì, ó sì tì í bọ abẹ́ ìró.