Ọjọ́ Tí Wọn Kò Bi Mí Ní Ìbéèrè

Ẹ̀rín wọn ni kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Ní ẹ̀ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé wa, ẹni tó bá ń du ipò olùkọ́ àgbà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú àwọn àgbà, wọn a sì da ìbéèrè bò ó. Bó bá fèsì yanjú, wọ́n gbà á. Ọkùnrin tó ṣáájú mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí wọ́n fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó làágùn yọ̀bọ̀, ṣùgbọ́n ó rí ipò gbà.

Èmi nìkan ni obìnrin tó ń du ipò. Iṣẹ́ ilé táwọn obìnrin ń ṣe láìgbowó ni mo ṣèwádìí lé lórí, èyí tí ìwé tá a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa kì í kà kún iṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ dé ìdajì, kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n kàn ń mi orí. Ọ̀gá ẹ̀ka tiẹ̀ bu omi fún mi. Omi kẹ̀! Ọkùnrin tí kì í dáhùn ìkíni! Àyà mi já. Obìnrin kì í dédé jẹ́ Kúmólú: wọ́n ti gbé ipò náà fún ẹlòmíràn ni.

Mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin àgbà, ṣé kò síbéèrè ni?"

Ọ̀gá ẹ̀ka rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, fara balẹ̀. Ọkọ ẹ ti bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ká má fi ìbéèrè dà ẹ́ láàmú."

"Ṣé ẹ ti gbà mí nìyẹn?"

Ó wúkọ́. "Báwo la ṣe máa gba ẹni tá ò dán wò? Ṣùgbọ́n o gbìyànjú."

Mo gbìyànjú! Inú bí mi. Gbogbo wọn ni mo ti fura sí, àfi ọkọ mi tóun náà ń kọ́ni níbẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn tó ń fi gègé ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Tèmi ò tilẹ̀ ṣọ̀tá, ó fẹ́ràn mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Èyí tó le jù ni kẹ́ ẹ bi mí."

"Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Ẹ bi mí."

Ó dìde.

"Mi ò tíì kà á," ló wí.

Mo yíjú sáwọn tó kù. Olúkúlùkù ń wá ibi tí yóò fojú sí.