Èènì Àbẹ̀kẹ́

Wúràọlá Àbẹ̀kẹ́, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ìyàwó mi tó kú, ni mo rí lójú àlá. Ó ń bu ìrẹsì fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ wa. Bó ṣe ń fi èènì kún un ni òun fúnra rẹ̀ ń kéré sí i, títí ó fi dúró sínú síbí tó fi ń bù ú.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, dá èènì dúró! Ìrẹsì ti wọ́n."

Múfútáù awakọ̀ ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ má dá Bàbá lóhùn jàre. Ebi ò mọ̀ pé ọjà wọ́n."

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ṣadé, tí èènì bá tán, ta ni yóò tún yà lọ́dọ̀ wa?"

Ó tún bu èènì. Mi ò rí i mọ́. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ wá a nínú ìrẹsì gbígbóná ni mo ti jí.

Òní la ó sin ín.