Ìjókòó Iwájú

Kafíńtà ti gbé eyín ayùn lé igi ìjókòó iwájú, ó ti mí irú èémí tí oníṣẹ́ máa ń mí kó tó gé ohun tí kò ṣeé lẹ̀ padà, nígbà tí ìyá arúgbó kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, tó rìn jẹ́jẹ́ tọ̀ ọ́ wá, tó ní, "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," tó sì jókòó sórí ibi tó fẹ́ gé gan-an.

Ó gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí igi náà. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wá kọjú sí àga ìwàásù bí ẹni pé ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kafíńtà wo ayùn, ó wo ìyá arúgbó, ó wá wo Alága.

"Màmá," ni ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ni mo fẹ́ gé."

"Mo rí i. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ara mi ni kí o ṣáà ti bẹ̀rẹ̀."

Alága dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú téèpù ìránṣọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé. Ìyá rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó lè fa ìyá yìí dìde nínú gbogbo ìjọ, òun ọmọ tó bí ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù.

Aránṣọ ni Alága. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Àǹtí ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ilé, kò jọ pé ẹnikẹ́ni rántí pé ó ní orúkọ mìíràn. Ìgbìmọ̀ ilé ló ń mójú tó òrùlé, fèrèsé, iná, àga, àti ohun gbogbo tí ìjọ fi ń jọ́sìn. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe ń lọ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Àlùfáà kan ṣoṣo ló ń bójú tó ìjọ mélòó kan lágbègbè náà. Bó bá wà níhìn-ín lọ́sẹ̀ yìí, ibòmíràn ni yóò wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bó bá sì ti lo ọdún díẹ̀, wọn a gbé e lọ, wọn a mú òmíràn wá. Àlùfáà a dé, àlùfáà a lọ. Ìgbìmọ̀ ló ń gbé garawa sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Alága fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ Bàásì ló gbé wọn dé ìdí ayùn. Bàbá tó ń ṣe bàtà ni Bàásì, ohùn ìsàlẹ̀ tó máa ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ló sì fún un ní orúkọ yẹn. Àìsàn mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, orí àga onítáyà ló wà, àga náà kò sì gba àárín àwọn ìjókòó kọjá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e sí lọ́jọ́ Ìsinmi, níbi tí àwọn tó pẹ́ dé ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ láàárín àdúrà.

Ìgbìmọ̀ ní èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan rán wọn létí àwọn ọ̀rẹ́ tó tú òrùlé onílé nítorí kí wọ́n lè gbé arọ kan dé ọ̀dọ̀ Jésù. Bí àwọn yẹn bá lè tú òrùlé, ṣé a ò lè gé ìjókòó kan? Ìlàjì ìjókòó iwájú ni kí wọ́n gé, kí àga Bàásì lè wọ ibẹ̀ dáadáa, ní iwájú gbogbo ènìyàn, ní ipò ọlá.

Ṣùgbọ́n bàbá Alága, tó ti sùn nínú Olúwa, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìjókòó náà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìsìn, ìyàwó rẹ̀ kò sì jókòó síbòmíràn láti ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìjọ fi ń pè é ní Màmá Iwájú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ dìbò, ìhà méjèèjì dọ́gba. Alága kì í dìbò àfi tó bá rí bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè: kí wọ́n gé e. Ara rẹ̀ yá gágá bó ṣe ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé ó fi ìjókòó ìyá rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìgbìmọ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ aṣọ àwọn oníbàárà kún ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ ká pe àlùfáà," ni Akọ̀wé wí. Tíṣà ni, kò fẹ́ràn kí nǹkan dojú rú. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì ṣàlàyé.

"Ẹ̀yin ará," ni ohùn àlùfáà wí láti ọ̀nà jíjìn, "ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, gbogbo ìṣó tí ẹ bá fẹ́ kàn ni ẹ ó máa pè mí sí. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì bá Màmá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́."

"Màmá ń gbọ́ yín o, àlùfáà!" ni ìyá arúgbó ké láti orí ìjókòó. "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa."

"Ẹ ṣé o, Màmá. Ẹ kí ilé o." Fóònù kú wéré.

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó wá gbé igi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà ilé. Alága sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá mi, ẹ má bínú. Nítorí Bàásì ni. Ṣé ẹ ò fẹ́ kó ní ibi ìjókòó tó dára ni?"

"Bí Bàásì bá ní kí n dìde, màá dìde. Kí ló wí?"

Alága wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wú ikọ́.

"A sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ gan-an, Màmá. Ó tó ìpàdé mélòó kan."

"Mi ò bi yín bóyá ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní kí ni òun wí?"

Téèpù ọrùn Alága wá dà bí ohun tó wúwo. Lọ́sẹ̀ yìí kan náà, obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kó bá òun rán aṣọ fún àbúrò òun, kó kàn fojú bù ú. Ó lé e padà. "Lọ mú ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ wá," ló wí fún un, "èmi kì í gé aṣọ lójú àlá."

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló sọ̀rọ̀. Ó ti gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún àwọn òṣìṣẹ́, òun náà sì ni olórí ìgbìmọ̀ àbẹ̀wò, àwọn tó ń lọ wo aláìsàn.

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni à ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ iwájú létí mi rí. Ohun tó máa ń bi mí ni pé, 'Ta ló ń kọ bàásì báyìí?'"

"O ò sì sọ fún wa?" ni Alága bi í.

"Èmi kẹ̀? Ìgbìmọ̀ tiyín ni ti àga, ìgbìmọ̀ tiwa ni ti ènìyàn."

Kafíńtà rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Alága, ó sì sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

"Ó yá," ni Alága wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ bi í."

"Ẹ máa lọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ti na ọwọ́ sí búrẹ́dì. "Èmi àti kafíńtà yóò máa ṣọ́ ara wa."

Iwájú ilé Bàásì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù gba ibẹ̀ kan, bàtà ẹlẹ́ẹ̀kan-ẹlẹ́ẹ̀kan sì tò sórí pẹpẹ bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Bàásì wà lórí àga onítáyà rẹ̀, bàtà kan wà lórí itan rẹ̀, hámà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé tẹ̀lé ara wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ṣé mo ti kú ni? Irú èrò báyìí, ilé òkú nìkan ni mo ti ń rí i."

"Ẹ ò kú, Bàbá," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Bí ẹ bá kú, ẹnu yín yóò ṣì máa sọ̀rọ̀."

Alága ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ dáadáa tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Nígbà tó dúró níwájú bàbá náà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Bàbá, ibo ni ẹ fẹ́ máa jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Bàásì gbé hámà sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ò tíì gé e?"

"Màmá Iwájú ti jókòó lé e."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà lọ, omi ojú kò tètè lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Mo ti pinnu pé n kò ní wá lọ́la. N kò sì ní wá mọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Kí n wà níwájú níbẹ̀, kí gbogbo ojú máa wò mí láti ẹ̀yìn bí ẹrù tí wọ́n gbé wá fún ọrẹ? Ẹsẹ̀ mi ló kú, ohùn mi kò kú. Àárín àwọn tó ń kọ bàásì ni mo fẹ́. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi níbẹ̀, kì í pẹ́ ṣìnà. Ìgúnpá mi ló ń mú un padà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn, ṣé òun náà ló tún máa yan ọ̀nà? Oore ni ẹ ń ṣe fún mi. Inú yín dùn sí i. Mo ní kí n má ba ayọ̀ yín jẹ́."

Láti kékeré ni Alága ti mọ ìtàn afọ́jú tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń kígbe. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó ń ṣe é. Síbẹ̀ Olúwa dúró, ó kọ́kọ́ bi í ní ohun tó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn náà, kò sì dúró lórí ìbéèrè yẹn rí. Ìwòsàn ló máa ń sáré lọ bá.

Ó na ọrùn sókè.

"Akọ̀wé, ṣé a pé fún ìpàdé?"

Akọ̀wé wo yíká láàárín bàtà. "A pé."

"Ohun tí ìgbìmọ̀ dì, ìgbìmọ̀ ní í tú u. Ẹ jókòó."

"Sórí kí ni?" ni ẹnì kan bèèrè. Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ológbò sì ti sùn lé e.

"Ẹ jókòó ní ìdúró."

Ìpàdé náà kò gùn. Wọ́n gbàdúrà, ẹnì kan dá a lábàá pé kí wọ́n fi ìjókòó iwájú sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣí àyè sílẹ̀ láàárín àwọn akọrin. Ẹlòmíràn gbè é lẹ́yìn. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Ti Bàásì náà lọ sókè.

"Bàbá, ẹ kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀," ni Akọ̀wé wí.

"Ọwọ́ ń ro mí ni. Mo kàn ń nà án."

Kí wọ́n tó túká, Alága ní láti ìsinsìnyí lọ, Ìyá Oníbúrẹ́dì yóò máa bá ìgbìmọ̀ ilé jókòó. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní bí wọn yóò bá máa jókòó ní ìdúró, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹsẹ̀ òun léèrè.

Nígbà tí wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀ṣì, kafíńtà kò fi àkókò ṣòfò. Ó yọ ìjókòó kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lẹ́yìn àwọn akọrin, ó wọn àyè, àga Bàásì yóò gbà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí pèpéle ni àwọn akọrin ń jókòó, àtẹ̀gùn kan sì wà kí ènìyàn tó dé orí rẹ̀. Pákó gbọ́dọ̀ wà tí táyà yóò gbà gun òkè. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó tó mú wá. Pákó náà tẹ̀.

"Èyí kò lè gbé e. Igi líle ni mo fẹ́. Àwọn onígi sì ti palẹ̀ mọ́ lónìí."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, wọ́n sì ń ṣọ́ra kí ojú wọn má baà lọ síwájú.

"Ẹ máa wo ibòmíràn o," ni ohùn kan wí láti orí ìjókòó iwájú. "Ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ẹ fọ́jú." Ìyá arúgbó náà fi ẹsẹ̀ kan ohun tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀: pákó ìkúnlẹ̀ tó gùn, tó nípọn, tí ọdún ti mú dán bí gíláàsì. "Èyí ńkọ́?"

Kafíńtà kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa á. "Èyí lè gbé ọkọ̀, Màmá."

"Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ìjókòó ni mo fi ń gbàdúrà báyìí, Olúwa kò sì tíì bá mi wí."

Alága wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Màmá, Bàbá ló ṣe é."

"Mo mọ ẹni tó ṣe é. Èmi ló ṣe é fún."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́?"

Ìyá rẹ̀ gbójú sókè. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tó bá ara mu.

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "O ṣé tí o bi mí."

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń gba fèrèsé ẹ̀gbẹ́ wọlé nígbà tí wọ́n gbé Bàásì dé láti dán an wò. Kafíńtà dúró sẹ́yìn àga, Akọ̀wé wà níwájú, ṣùgbọ́n Bàásì ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ó di táyà mú, ó tì í. Pákó kò tẹ̀. Ó dé orí pèpéle, ó yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wo àwọn ìjókòó òfìfo tó yí i ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí àwọn tó ni wọ́n. Ó wá mú ohùn kan nísàlẹ̀ pátápátá, láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ohùn náà gba ilẹ̀, ó gba igi, ó dé iwájú.

Màmá Iwájú tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí ìjókòó rẹ̀. "Mo ń gbọ́ ọ níbí," ló wí.

Alága dúró ní ojú ọ̀nà tó wà láàárín àwọn ìjókòó, ó ń ká téèpù mọ́ ọwọ́. Láti ìgbà tó ti mọ ìrìn ló ti ń jókòó sí apá òsì ìyá rẹ̀ lórí igi yìí. Ó kàn máa ń wá, á sì jókòó.

"Màmá," ló wí, "ṣé kí n jókòó tì yín?"

Ìyá rẹ̀ gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní apá òsì rẹ̀ lórí ìjókòó, ó gbé e lé itan.