Ọkọ̀ Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin Kìlómítà

Àbúrò mi Changgeng ra ọkọ̀ oníná tuntun tó lè rin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlómítà kí bátìrì rẹ̀ tó tán. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sílé ju kìlómítà mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀? Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan wọn yóò gbé ọ́fíìsì náà lọ sí Mòǹgólíà.

Ó ní nítorí ìyàwó òun, Suqin, lòun ṣe rà á. Àṣà wa ni pé, ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, gbogbo obìnrin tó wà nílé ọkọ ló ń padà lọ kí ìyá rẹ̀. Abúlé kan lẹ́yìn ìlú Kaifeng ni ìyá Suqin ń gbé. Ọdọọdún ló ń gbé àga sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, tí àwọn aládùúgbò á máa bi í pé, "Ìyá, ọmọ yín ò tíì dé ni?" Lọ́dún kan, Changgeng ní ọkọ̀ òun ti gbó jù. Lọ́dún kejì, ó ní ọkọ̀ oníná tó wà lọ́jà kò lè rìn jìnnà tó. Lọ́dún kẹta, ó ń dúró de èyí tó lè rìn jìnnà. Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, ìyá náà ṣubú, egungun itan rẹ̀ kán. Changgeng bá ra ọkọ̀.

Ó kan ẹ̀rọ tó ń fún un níná mọ́ ògiri níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí lábẹ́ ilé wa ní Jinan, ó sì fi àgádágodo sí i, bí ẹni pé àwọn olè ìlú wa kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n wá jí iná lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ dé, á ki wáyà bọ̀ ọ́. Bátìrì náà kì í tíì mọ̀ pé òun jáde tó fi ń padà sórí wáyà. Ó ní bátìrì tó kún ló ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀. Mi ò rí ìgbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, Suqin ti wọ kóòtù. Lanlan, ọmọ wọn, ti wọ bàtà. Àpótí mílíìkì àti aṣọ òtútù tí Suqin hun fún ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Changgeng dúró, ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

"Òtútù òní ti le jù," ó ní. "Òtútù ń jẹ bátìrì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin á di irinwó."

"Ilé ìyá mi ò ju ọ̀ọ́dúnrún àti díẹ̀ lọ," Suqin dáhùn.

"Tá a bá wá tan ẹ̀rọ ooru inú ọkọ̀ ńkọ́?"

"A ò ní tàn án. Mo mú kúbùsù."

"Tí ọkọ̀ bá dí ojú ọ̀nà ńkọ́?"

"Bàbá Lanlan, ibi tí wọ́n ti ń ṣáájì ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí n lọ tò sẹ́yìn gbogbo ayé, nígbà tí iná wà nílé mi?"

"Ẹ kúkú fa wáyà yín láti ìhín dé Kaifeng."

Mo rẹ́rìn-ín. Changgeng kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká jẹ́ kí ooru dé ná."

"Ọjọ́ kejì ọdún á dúró de ooru?" Suqin bi í. Kò retí ìdáhùn. Ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín dà?"

Mọ́tò mi kéré, ọwọ́ ẹni tó ti lò ó ni mo ti rà á. Changgeng ń pè é ní bàtà ọmọdé. Ara ihò iná ilé ìdáná mi ló ti ń ṣáájì. Bí òtútù bá mú, kò lè ju àádọ́jọ kìlómítà lọ. Ó ń gbé mi lọ sọ́jà, ó ń gbé mi bọ̀. Mi ò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èmi, Suqin àti Lanlan há ara wa sínú rẹ̀, a sì lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la dúró gba iná. Lóòótọ́, èrò pọ̀. A jẹ núdù, a sùn díẹ̀, a tún tò. Changgeng kò yéé pè.

"Ó ku mélòó?"

"Ó ku omi ọbẹ̀ díẹ̀," Suqin dáhùn, ó ń lá ṣíbí.

"Bátìrì ni mò ń sọ!"

"Ẹ lọ bi tiyín. Ó dájú pé ó kún."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Ìyá náà wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, obìnrin aládùúgbò kan sì ti dúró tì í láti ṣàánú rẹ̀.

"Ọmọ mi rèé," ìyá náà sọ fún un. "Wò ó dáadáa, kó o má tún bi mí lọ́dún tó ń bọ̀."

Suqin mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó kì í bọ inú àpò kóòtù ara rẹ̀, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí aládùúgbò náà fi lọ sílé rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Changgeng dé. Ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ wá, ó gbé páálí èso lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ kú ọdún."

Ìyá náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọkọ̀ tó o rà nítorí mi dà?"

"Ó wà nílé, Màmá."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Changgeng wo Suqin, ó wò mí. Kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.

"Ó ń gba iná."

Ìyá náà yíjú sí Suqin. "Bu oúnjẹ fún un," ó ní. "Ó jọ pé bátìrì tirẹ̀ gan-an ló ti fẹ́ tán."