Àdàlú Orí Ẹ̀yín Iná

Ọdún kẹrin rèé tí Ládòkun kò ti bá Dáníẹ́lì, ọmọ àbúrò rẹ̀, sọ̀rọ̀. Ibi ìsìnkú ni ọ̀ràn ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sin bàbá Dáníẹ́lì ní Tẹ̀dé. Dáníẹ́lì ti gba ẹ̀sìn àwọn Júù nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ó dúró létí sàréè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bu erùpẹ̀ sí i. Ó ní Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ni, òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan erùpẹ̀. Ládòkun wò ó títí, ó ní, "Ọmọ tí kò lè bu erùpẹ̀ sí bàbá rẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹlòmíràn?" Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá a sọ nìyẹn.

Lọ́dún yìí, ibiṣẹ́ gbé Dáníẹ́lì wá sí Ṣakí. Láti ìgbà náà ló ti ń wá sọ́dọ̀ Àmọ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, ní Tẹ̀dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, á sì padà lọ́jọ́ Àìkú. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Àmọ̀kẹ́ fẹ́ gbé ọbẹ̀ àná kaná fún un.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màámi. Màá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ọbẹ̀ tí ọ̀rá ti dì lójú ẹ̀?"

"A kì í dáná lónìí, mà. A kì í sì í ní kí ẹlòmíràn bá wa dá a."

Ó fi ọbẹ̀ tútù jẹ iṣu àná tó ti tutù. Àmọ̀kẹ́ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ó dà bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ kàn ń fi sùúrù gbé oúnjẹ ọwọ́ òun mì ni. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ kó jẹ oúnjẹ gbígbóná ni.

Dáníẹ́lì rẹ́rìn-ín. "Ó fẹ́ ẹ dáadáa. Ká ṣáà ti sè é jinná kí ilẹ̀ Ẹtì tó ṣú, ká bo iná náà, ká má sì koná mọ́. Oúnjẹ lè wà lórí ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ ní ká fi eérú bo ẹ̀yín iná."

"Eérú?"

"Eérú ni, mà."

"Ṣebí bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà ìkórè. Á gbé àdàlú kaná nírọ̀lẹ́, á fi eérú bò ó. Tá a bá jí, ẹ̀wà ti rọ̀ bí òrí." Àmọ̀kẹ́ mi orí. "Kí ló dé tó ò ti tètè sọ bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì mìíràn pé, Àmọ̀kẹ́ ti gbá ààrò ẹ̀yìnkùlé, tí kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti ra sítóòfù. Ó ra ìkòkò tuntun. Ó se ẹ̀wà àti àgbàdo pẹ̀lú epo àti àlùbọ́sà. Kò fi edé sí i, torí Dáníẹ́lì ti sọ fún un pé àwọn kì í jẹ edé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti jinná, ó sì ti fi eérú bo ẹ̀yín iná dáadáa.

Láàárọ̀ Sátidé, òórùn àdàlú gba gbogbo àgbàlá. Dáníẹ́lì fi àkísà méjì gbé ìkòkò náà kúrò lórí ààrò, ó sì dì í mú.

"Gbé e kalẹ̀ kí n bu ú," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

"Ẹ bù ú lọ́wọ́ mi, mà. Tó bá wà lọ́wọ́ mi, a ṣì lè dá a padà sórí ààrò, ká rí oúnjẹ gbígbóná jẹ lọ́sàn-án. Tí mo bá ti gbé e kalẹ̀, ó parí."

Àmọ̀kẹ́ kò tíì bu ṣíbí kejì tí Ládòkun fi gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, tó mú oògùn orúnkún tó bá Àmọ̀kẹ́ rà dání. Kò mọ̀ pé Dáníẹ́lì wà nílé. Ó dúró. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn, ooru ìkòkò ń fẹ́ sí Dáníẹ́lì lójú.

Dáníẹ́lì bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Àmọ̀kẹ́ mí kanlẹ̀. "Ó parí nìyẹn."

"Kí ló parí?" ni Ládòkun bi í.

"Oúnjẹ rẹ̀ ni, Bàbá Festus. Ó ti gbé e kalẹ̀ nítorí yín. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kó gbé e padà sórí iná mọ́, kò sì ní jẹ́ kí n bá òun gbé e."

Ládòkun wo ìkòkò, ó wo ọmọ tó ṣì wà nílẹ̀. "O mọ̀ pé yóò tutù, o sì gbé e kalẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Oúnjẹ ṣáà ni."

Ládòkun ṣí fìlà, ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Dìde. Ìyá Dáníẹ́lì, wá ṣíbí fún mi. Ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ kó tó tutù."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun pọ̀. Nígbà tó yá, Ládòkun béèrè láìgbójú sókè pé, "Irú òfin yìí náà ló dè ọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú?"

"Òun ni, sà. Ní kùtù ọjọ́ kejì, mo padà lọ síbẹ̀ èmi nìkan. Mo bu erùpẹ̀ sí i, mo sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ládòkun. "O ò sì sọ fún mi."

"Ẹ ò gbà mí láyè, sà."

Ládòkun mi orí, ó ní òótọ́ ni. Ó bu àdàlú sí abọ́ Dáníẹ́lì, ó tún bù ú títí tí ọmọ náà fi ní ó tó. Kò lọ títí di ọ̀sán. Nígbà tó dìde, Dáníẹ́lì sìn ín dé ojú títì, Ládòkun gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ń bi í bí iṣẹ́ Ṣakí ṣe ń lọ, ó sì ń bi í nígbà wo ni yóò wá wo oko kaṣú òun.