Huỳnh àti Hoàng

Nígbà tí Quyết, ọmọ Nghệ An lápá àríwá, tó wá tọrọ ìyàwó, dárúkọ ìdílé rẹ̀ ní ilé wọn Thắm ní Mỹ Tho lápá gúúsù, ṣe ni bàbá àgbà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Hoàng kẹ̀? Huỳnh làwa náà, orúkọ kan náà sì ni. Ọmọ baba kan kì í fẹ́ra."

Thắm yíjú sí i. "Bàbá, báwo ló ṣe jẹ́ ọ̀kan náà?"

"Hoàng ni ìjòyè tó ń ṣàkóso wa níhìn-ín láyé àtijọ́ ń jẹ́. Ta ló máa fi ẹnu tó fi jẹ ẹja pe orúkọ ẹni tó ju baba rẹ̀ lọ? Làwọn baba wa bá yí i sí Huỳnh."

"Kí ló dé tí tiwọn ò yí?"

"Àríwá ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹnu wọn ò sì ní ìjánu."

Quyết rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, Bàbá."

Bàbá wò ó títí. "Oṣù wo lẹ ń gbé oúnjẹ ìrántí ikú baba ńlá yín kalẹ̀?"

"Oṣù kẹta, Bàbá."

"Oṣù kẹjọ ni tiwa." Ojú bàbá wálẹ̀. "Òkú kan kì í kú lẹ́ẹ̀mejì. Thắm, bu tíì fún ọkọ rẹ."