Ọ̀dà Tuntun Lára Táǹkì Gbígbẹ

"Akunlé, ṣe kíá! Kí aago méjì tó lù, n kò fẹ́ rí àwọ̀ ewé kankan mọ́ lára táǹkì yẹn."

Alága ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń pariwo láti ìsàlẹ̀ àkàbà. Oṣù tó kọjá ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé bọ́ sínú ẹgbẹ́ aláwọ̀ pupa. Táǹkì ilé ìgbẹ̀bí sì gbọ́dọ̀ bá wọn lọ.

"Alága, ṣé omi ti wà nínú rẹ̀ báyìí?"

"Ta ló ń béèrè omi? Gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá ṣí i."

"Ẹ ti ṣí i lẹ́ẹ̀mejì rí."

"Ìlẹ̀kùn tí a ti ṣí lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kò ní rọrùn láti ṣí lẹ́ẹ̀kẹta ni?"

Akunlé fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rọbí nínú ilé náà láti òwúrọ̀, etí rẹ̀ kò sì kúrò ní fèrèsé.

Agbẹ̀bí já síta, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ọmọ yín ti bímọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ gbé wá sì ti gbẹ. Ṣé ọwọ́ báyìí ni kí n fi tọ́jú rẹ̀?"

Akunlé wo táǹkì tí àkàbà rẹ̀ fara tì. Ó sọ̀ kalẹ̀. "Alága, nínú gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́ yín, ta ló dárúkọ omi rí?"

"Ipò là ń pín níbẹ̀, a kì í pín omi!"

Páálí omi wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ lábẹ́ àgọ́ àwọn àlejò. Akunlé gbé méjì lé èjìká.

"Omi Gómìnà nìyẹn! Ṣé orí rẹ pé?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ni."

Agbẹ̀bí gba omi, ó ti ìlẹ̀kùn. Akunlé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di eyín pọ̀.

Fèèrè ọkọ̀ ń ké bọ̀ láti ìkóríta. Ohùn alága rọ̀ lójijì. "Jọ̀ọ́, ìdajì rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Wá parí rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ọ̀dà bá yín purọ́, Alága. Irọ́ náà ti dé orí ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," agbẹ̀bí ké láti inú ilé. "Ẹ̀jẹ̀ ti ń dá."

Akunlé kò dìde. "Ẹ ní kí Gómìnà wá bá mi níbí. Lójú gbogbo èrò ni yóò ṣí ẹnu ẹ̀rọ táǹkì yẹn. Èmi ni n óò gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀."